A Kì Í Sin Ọmọ Ilé Sọ́nà

Ọ̀nà méjì ló wà láti ìdíkọ̀ rélùwéè ńlá tó wà láàárín Minna dé ìdíkọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ràn ara rẹ̀ á gba títì, á wọ kẹ̀kẹ́, kò ní pẹ́ tó fi máa débẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ le bíi tèmi á sọ̀kalẹ̀ gba etí odò, á fẹsẹ̀ rìn ín. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń rìn ín, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ rà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí mo fẹ́ rí. Àwọn tó ń pàdé mi lọ́nà rò pé dókítà ló ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà náà ò dára mọ́. Lẹ́yìn ìdíkọ̀ ńlá, àwọn ọkọ̀ ẹrù àtijọ́ kan wà tó ti dípẹtà, ewúrẹ́ sì ń sùn sábẹ́ wọn. Bí mo bá fẹ́ kọjá lórí irin, mo ṣì máa ń wo ọ̀tún, wo òsì, bí bàbá mi ṣe kọ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé koríko ti hù bo irin náà. Tí mo bá dé etí omi, oko ẹ̀fọ́ tí àwọn Hausa ń pè ní lámbú ni mo máa kọ́kọ́ kàn: àlùbọ́sà, àlẹ́fọ̀, létúùsì, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi odò sí lára. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń fọ mọ́tò. Lẹ́yìn wọn, ilé ńlá kan tí ẹnì kan tó rí owó kó jẹ kọ́ sí etí odò, tó mọ ògiri rẹ̀ wọ inú omi gan-an, kí àwa ẹlẹ́sẹ̀ lè máa ká aṣọ sókè kí a tó wọ́ ẹrẹ̀ kọjá. Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀ ni mo máa ń dúró ṣépè fún un. Hausa ni mo fi ń ṣe é. "Allah ya isa!" Ọlọ́run á dá a fún un. Èpè Yorùbá gùn, ó sì máa ń fẹ́ àlàyé, ti Hausa kúrú, ó sì máa ń débi tó ń lọ.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, onílé yẹn kọ́ ni mò ń bá jà.

Rélùwéè ló gbé bàbá mi wá sí Minna láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ́tà rélùwéè ni wọ́n ti bí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, àwa méjì náà ni ìyá wa bí. Ilé wa kì í ṣófo. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ń lọ sí Kàdúná tàbí Kánò, ọ̀dọ̀ wa ló máa sọ̀ sí. Bí àlejò bá fẹ́ padà sílé, a kì í jẹ́ kó wọkọ̀ ní ìdíkọ̀ ńlá. Ẹrù rẹ̀ nìkan là ń gbé sọ́kọ̀ níbẹ̀, bàbá mi á ní kí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ́ ìjókòó fún un. Àwa àti àlejò á wá gba etí odò lọ sí ìdíkọ̀ kékeré, ọkọ̀ á sì wá bá wa níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ìgbà náà, wọ́n á máa pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ìdíkọ̀ ńlá títí á fi sú èèyàn, bó bá sì dé ìdíkọ̀ kékeré, á tún dúró de èyí tó ń bọ̀ láti Jẹ́bà kó kọjá, nítorí irin kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá mọ ẹsẹ̀ gbé á ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Màmá mi ló dá àṣà yìí sílẹ̀ nílé wa. Wọ́n ní ariwo ìdíkọ̀ ńlá ti pọ̀ jù, pé ẹnu lásán lèèyàn fi ń kí ó dàbọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ nínú ilé, etí odò ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Etí odò ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti sọ fún wa pé òun ti kọ ọkọ òun sílẹ̀. Etí odò náà ni ìyàwó pásítọ̀ kan ti sunkún, tó fi omi odò bọ́jú, tó sì wọkọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí màmá mi kì í yẹ̀. "A kì í sin ọmọ ilé sọ́nà. Àlejò là ń sìn. Ẹni tí o bá sìn sọ́nà, o ti sọ fún un pé ibòmíì nilé rẹ̀." Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ìyá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tẹ̀ lé wọn dé ìdíkọ̀, wọ́n ń fi ìborùn nu ojú. Ìyá tèmi jókòó sídìí ààrò, ọmọrogùn lọ́wọ́, wọn ò dìde. Ẹkún ni mo sun dé Kàdúná. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ohun tí wọ́n ń sọ fún mi ni pé mò ń bọ̀. Nígbà tó yé mi, ó di ohun tí mo fi ń yangàn.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé àbúrò mi náà ń jẹ nínú iyì yẹn. Ó lọ kàwé ní Ìbàdàn, ó rí iṣẹ́ síbẹ̀, ó fẹ́yàwó síbẹ̀, ó sì kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kérésìmesì lè dé kó tún dé kí a má rí i. Bó bá wá, á gbé omi inú ike tirẹ̀ dání, á ní omi Minna ń da inú òun rú, inú tó jẹ́ pé omi Minna ló fi dàgbà. Bó bá ń lọ, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣàwàdà.

"Mama, ẹ ò tiẹ̀ ní sìn mí dé ìdí mọ́tò?"

"Ṣé àlejò ni ọ́ ni?"

Màmá mi á rẹ́rìn-ín, wọn ò ní dìde. Inú máa ń bí mi. Kí ló tún kù tí èèyàn máa ṣe kó tó di àlejò?

Bàbá mi kú, a sì sin wọ́n sí itẹ́ òkú àwọn Kristẹni ní Minna níbí. Màmá mi ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ló dúró ti bíríkìlà tó to búlọ́ọ̀kù yí àyè náà ká, wọ́n sì sọ lójú èmi àti àbúrò mi pé ibẹ̀ ni àwọn máa sùn, kí ẹnikẹ́ni má gbé àwọn lọ síbì kankan. Èmi ni mò ń ro ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin wá ń dínkù, títí ó fi di pé bó bá fọn fèrè, èèyàn á gbé orí sókè bí ẹni tó gbọ́ ohùn òkú. Mo kó màmá mi wá sílé mi ní Tunga Low Cost. Ọkọ mi ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ mi ti lọ sí Àbújá, àwa méjì péré la wà nínú ilé náà.

Mo ń fọ ẹ̀yìn wọn, mo ń gé èékánná wọn, mo ń se tùwó àti ọbẹ̀ kúkà tó jẹ́ pé òun lọ̀fun wọn mọ̀. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, màá ní, "Mama, sannu." Wọ́n á kí mi káàbọ̀, "Yauwa, sannu da zuwa," bí ìyálé Hausa, àwa méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín. A máa ń jà pẹ̀lú. Wọ́n ní mò ń pàṣẹ fún àwọn bí ẹni pé ọmọ iléèwé mi làwọn. Wọ́n ní mo ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn. Mo ti ilẹ̀kùn lóòótọ́, nítorí ìgbà kan tí wọ́n jáde lọ sí Dutsen Kura lọ kí ọ̀rẹ́ wọn, tí kẹ̀kẹ́ já wọn sílẹ̀ síbi tí wọn ò mọ̀. Ta ni kò ní tìlẹ̀kùn?

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi dé, òun àti dírẹ́bà rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àwọn ajínigbé ti gba gbogbo ọ̀nà yìí kan. Mo ti kọ́lé. Ó yẹ kí Mama padà sílé."

"Ilé wo?" ni mo bi í.

"Ògbómọ̀ṣọ́ mà ni."

"Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì bí ìwọ? Kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Àwọn èèyàn ń bú mi, Àǹtí mi. Wọ́n ní mo jẹ́ kí ìyá mi máa gbó sí Òkè Ọya."

Ó délẹ̀ náà nìyẹn. Kì í ṣe ajínigbé, ẹnu ayé ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i. Mo ní ṣé ó mọ irú oògùn tí wọ́n ń lò, ṣé ó mọ èyí tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ lé nínú ẹ̀gbẹ́ wọn méjèèjì. Òun náà ní bí ọmọ ṣe ń ṣe kọ́ ni mò ń ṣe, pé wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mí. Gbogbo ìgbà tí à ń pariwo, màmá mi ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lórí atẹ, ojú wọn kò kúrò lórí ohun tí wọ́n ń ṣe.

"Mama, ẹ sọ̀rọ̀," ni mo wí.

"Mo ti gbọ́ yín," ni wọ́n dáhùn.

Mo kà á sí pé wọn ò lọ. Àbúrò mi náà dìde lọ sùn, mo sì rò pé òun náà kà á bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní òun ń padà lọ. Ó ní òun ti rán dírẹ́bà síwájú kó lọ gbé mọ́tò dúró ní ìdíkọ̀ kékeré, nítorí títì tuntun ti gba ibẹ̀ kọjá báyìí, òun sì fẹ́ gba etí odò bí ayé àtijọ́. Báàgì Ghana-must-go kan ti wà nínú mọ́tò náà. Màmá mi ló ní kí n bá àwọn dì í láàárọ̀ yẹn: aṣọ àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin ìjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dì í, ọwọ́ yìí náà ni mo fi gbé e sí búùtù.

Ni màmá mi bá dìde. Wọ́n wọ bàtà aláwọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n mú báàgì ọwọ́ wọn.

"Jẹ́ kí n sìn ọ́ sọ́nà," ni wọ́n sọ fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá ọ̀rọ̀ mi bọ̀, ẹ ti mọ ohun tí mo gbọ́. Mo gbọ́ ìdájọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń wá tó ń lọ, wọn ò dìde fún un rí. Lónìí tó fẹ́ gbé wọn kúrò nílé wọn, wọ́n dìde, wọ́n sọ ọ́ di àlejò lójú mi. Inú mi dùn débi pé mo sáré wọlé lọ mú kílíṣí tí mo rà, mo fi bébà wé e, mo fi lé e lọ́wọ́, bí a ṣe ń ṣe fún àlejò tó ń lọ. Ó gbà á, kò wò mí lójú. Mo rò pé ìtìjú ni.

N ò tẹ̀ lé wọn. Mo fẹ́ kí màmá mi fúnra wọn sọ ọ́ fún un lẹ́tí odò, láìsí èmi níbẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà, wọ́n fi oríkì mi pè mí. Wọn kì í pè mí bẹ́ẹ̀ àfi tí ara mi ò bá yá. Mo dáhùn láti ìdí ààrò, mò ń kọrin ìjọsìn, mò ń ro tùwó lọ.

Tùwó jinná, ó tutù. Mo bò ó. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, tí fóònù wọn méjèèjì ò lọ, mo wọ kẹ̀kẹ́ dé ìdíkọ̀ ńlá, mo sọ̀kalẹ̀ sí etí odò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyá mi. Mo wo inú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé olówó yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n ti ṣubú síbẹ̀. Mo bi àwọn obìnrin Gbagyi tó gbé igi lé èjìká tí wọ́n ń bọ̀ láti oko. Wọ́n mi orí.

Ọkùnrin kan ń bomi rin àlùbọ́sà nítòsí ìdíkọ̀ kékeré. A mọ ara wa, ẹ̀fọ́ rẹ̀ ni mò ń rà. Mo kí i, mo bi í bóyá ó rí màmá mi.

"Ai, tsohuwa ta tafi," ni ó wí. Ìyá arúgbó ti lọ.

Mo ní lọ síbo? Ó fi ọwọ́ júwe títì. Ó ní mọ́tò kan dúró níbẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni fà wọ́n. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà. Ó ní ìyá náà di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó sì wọlé, ó jókòó.

Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí láti kékeré. Mo mọ ohun tí Olúwa ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ní ìlú tí kò bá gbà wọ́n, kí wọ́n gbọn eruku ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀. Mo dúró lórí pèpéle ìdíkọ̀ yẹn, níbi tí àlejò ilé wa ti máa ń wọkọ̀. Kò sí òrùlé lórí rẹ̀ mọ́. Ipa táyà wà nínú erùpẹ̀.

Mo ti délé kí fóònù mi tó dún.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. A ti kọjá Jẹ́bà."

"Gbé fóònù fún Mama."

"Wọ́n ti sùn."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ yẹn láti inú yàrá kejì? Oorun kọ́ ni wọ́n fi ń wú u.

Ohun tí mo sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni pé àbúrò mi jí ìyá mi gbé. Gbogbo wọn bá mi káàánú, wọ́n ní, "Kai! Ọkùnrin ìwòyí!" Mo gba ìkíni wọn. Ṣùgbọ́n bàtà yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ṣé wọ́n gbé màmá mi ni, àbí wọ́n lọ? Màmá mi máa ń gbọn bàtà kí wọ́n tó wọ mọ́tò ẹnikẹ́ni, nítorí ìmọ́tótó wọn. Mo sọ ìyẹn fún ara mi. Mo tún rìn ín lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sì ń rìn ín títí di òní, bí ẹni tó sọ nǹkan nù sójú ọ̀nà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti gbàdúrà, kí Ọlọ́run dárí jì mí, pé kí n bá wọn ní gbígbẹ, kí n rí ohun tí màá fi gbà wọ́n padà. Mo bá wọn ní títutù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn arúgbó bíi tiwọn yí wọn ká, ọ̀rọ̀ ń lọ, ẹ̀rín ń lọ. Ilẹ̀kùn ilé náà ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Mama, sannu," ni mo wí.

"O káàbọ̀," ni màmá mi dáhùn.

Àwọn ọmọ àbúrò mi fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ará Òkè Ọya ti dé!" Wọ́n fún mi ní yàrá tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí. Wọ́n gbé oúnjẹ mi wá lọ́tọ̀ nínú abọ́ tó lọ́mọrí, wọ́n sì bu omi sínú ife onígíláàsì. Mo ní kí n bá wọn fọ abọ́, ìyàwó àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀: "Ẹ̀yin kẹ̀, Àǹtí? Ẹ jókòó o jàre."

Nígbà tó ku àwa méjì, mo bi wọ́n.

"Mama, ṣé tipátipá ni?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé wàá jẹ́ kí n lọ ni?"

Mo bi wọ́n pé àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ńkọ́, èyí tí wọ́n fúnra wọn ní kí bíríkìlà to búlọ́ọ̀kù yí ká.

"Bàbá rẹ ò dá wà," ni wọ́n wí. "Ìwọ wà níbẹ̀."

Bí wọ́n bá fi igi lù mí, ì bá sàn. Mo di ẹrù mi lọ́jọ́ kejì. Mo ní mo ní iṣẹ́ nílé, iṣẹ́ kankan ò sì sí. Dírẹ́bà ti tan mọ́tò tó fẹ́ gbé mi lọ sí gáráàjì, ó wà lẹ́nu àdúgbò, lódìkejì gọ́tà. Mo kí gbogbo wọn, mo dojú kọ ọ̀nà. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn mi. Bàtà aláwọ náà ni.

Mo dúró. "Mama, ẹ padà sílé. Oòrùn ń mú."

"Jẹ́ kí n sìn ọ́ sọ́nà."

Wọ́n fi ọwọ́ kan di apá mi mú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bi mí bóyá ọyẹ́ Minna pọ̀ lọ́dún yìí. Mo ní ó pọ̀. Wọ́n bi mí bóyá àlùbọ́sà ti jáde létí odò. Mo ní ó ti jáde. Nígbà tí a dé etí gọ́tà, wọ́n fi apá mi sílẹ̀, wọn ò dá a kọjá. Wọ́n gbàdúrà fún mi, àdúrà tó gùn, irú èyí tí wọ́n máa ń gbà fún àwọn àlejò rélùwéè, mo sì ń ṣe àmín.

"Bá mi kí wọn nílé o," ni wọ́n wí.

Mo ní wọ́n á gbọ́.